Wágọ̀nù Kẹjọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onílé wa ní Àgùdà ní kí wọ́n wá kun géètì. Àwọn akunlé po ọ̀dà pupa mọ́ kẹrosíìnì nínú agolo kan, òórùn rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Èékánná ni mò ń kùn fún àwọn obìnrin, inú yàrá mi ni mo ti ń ṣe é, ọwọ́ oníbàárà kan sì wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Bí òórùn yẹn ṣe kàn mí nímú, búrọ́ọ̀ṣì mi dúró lórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan?" obìnrin náà bi mí.

"Kò sí nǹkan," mo dá a lóhùn.

Ìbéèrè yẹn gan-an, ẹnì kan ti ń bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, èsì yẹn gan-an ni mo sì ń fún un. Irọ́ ni nígbà náà. Nígbà tí oníbàárà mi lọ, mo kúnlẹ̀, mo fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, páálí tí mo ti ń gbé láti ilé dé ilé fún ọdún mẹ́rìnlá láìtú u.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, mi ò tíì dàgbà tó ẹni tó yẹ kó máa sọ ìtàn àtijọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí mọ́, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kò sí mọ́, bóyá sì ni ẹnikẹ́ni nínú yín ti rí irú iṣẹ́ tó ń ṣe rí.

Ìpọ̀nrí ni ilé náà wà. Yàrá méjìlá ló kọjú síra wọn, ọ̀nà tóóró kan ló là wọ́n láàárín. Koríko ló wà lẹ́yìn ọgbà wa, ojú irin ló wà lẹ́yìn koríko. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwo á máa gbọ̀n lórí àwo, àwọn àgbà á dákẹ́ ọ̀rọ̀ títí yóò fi kọjá, wọ́n á sì tún mú ọ̀rọ̀ náà níbi tí wọ́n jù ú sí. Kò wọ́pọ̀ mọ́ nígbà tiwa. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí ọ̀kan tó kọjá, àwọn ọmọdé á sì sáré jáde lọ wò ó bí ẹni pé àlejò ló dé.

Ìyá mi ń fọ aṣọ fún àwọn ará ẹ̀sítéètì. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí kò lè dúró pẹ́ mọ́, èmi ni mo bọ́ sídìí ọpọ́n, bí mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo kàn ṣíwọ́ lílọ, kò sì sẹ́ni tó wá wò mí. Àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì a máa gba iwájú ilé wa kọjá nínú yúnífọ́ọ̀mù, èmi a sì sá sẹ́yìn aṣọ tí mo sá sórí okùn, kí wọ́n má bàa rí mi. Tẹ́lẹ̀ náà, mi ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá kù díẹ̀ kí n di odi. Àǹtí Bọ́lá tó ń dirun ní yàrá kẹta, tó máa ń bá gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀, a máa pariwo lé mi lórí bí mo bá ti ń kọjá: "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo yá ní ahọ́n ẹ? Lọ gbà á padà o, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀!" Gbogbo àwọn tó ń dirun á bú sẹ́rìn-ín, èmi á sì rìn kíá.

Yàrá kejìlá, lẹ́bàá kànga, ni ti Bàbá Réluwéè. Ọmọ Ọ̀fà ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní Ọ̀fà lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ nínú yáàdì réluwéè, wágọ̀nù ló ń kùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wágọ̀nù, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá ní Yábàá lónìí, èèyàn ló ń gbé, gíláàsì ló sì kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wágọ̀nù kì í gbé èèyàn. Àpótí ńlá ni, ogún tàbí ọgbọ̀n nínú wọn á so kọ́ra wọn lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kan, wọ́n á máa kó ẹrù bọ̀ láti Òkè Ọya: ẹ̀pà, òwú, màlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ḿbà tirẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Ó ń fi pákó àpótí tòmátò gbẹ́ wágọ̀nù kéékèèké tí kò gùn ju apá mi lọ láti ìgúnpá dé ọwọ́, ó sì ń fi ọ̀dà pupa tó fi kẹrosíìnì pò kùn wọ́n.

Mẹ́jọ ló fẹ́ ṣe. Kì í ṣe mẹ́jọ kan ṣáá o. Ó ní wágọ̀nù mẹ́jọ kan wà tí òun dá kùn fúnra òun lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ fi òun sílẹ̀ láìsí ọ̀gá lẹ́yìn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ jáde nínú yáàdì, òun sì fẹ́ tún rí wọn bí wọ́n ṣe rí gẹ́lẹ́, kí ojú òun tó ṣú pátápátá. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà. Ilé wa ka gbogbo rẹ̀ sí eré ọmọdé. Àǹtí Bọ́lá sọ fún un lójú gbogbo wa pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ra ti oníke bọ̀ fún yín lọ́jà jàre, èyí tó ń dún píìn!"

Bàbá ò bínú. Ó ní, "Ti oníke ò ní nọ́ḿbà."

Bí mo ṣe di ara iṣẹ́ náà rọrùn. Mò ń fa omi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ ò ju márùn-ún lọ. Ó fẹ́ fa ìlà funfun kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fà á, ó nù ún, ó tún fà á, ó tún nù ún. Ó rí i pé mò ń wo òun. Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí mi. Mo nu ọwọ́ mi lára ìró mi, mo kúnlẹ̀, mo fa ìlà náà lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé wágọ̀nù sún mọ́ ojú rẹ̀ títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà tútù.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo na búrọ́ọ̀ṣì padà sí i.

"Ó dáa," ó ní. "Láti òní lọ, Péńtà lorúkọ ẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti fọ aṣọ tán ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Inú mi kì í dùn níbòmíràn. Bàbá kì í bi mí ní ìbéèrè tó ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, bí mi ò bá sì dáhùn, á gba ìdákẹ́ mi bí èsì.

Mo rò pé kíkùn ni kí nǹkan ṣáà ti máa dán. Wágọ̀nù màlúù ni Bàbá kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ pátápátá, mo sì kùn ún títí tó fi ń dán bí àwo tuntun. Bàbá fi ọwọ́ pa á, ẹ̀rín pa á títí ikọ́ fi mú un. "Péńtà! Màlúù ló ń wọ ibí yìí o, kì í ṣe ìyàwó tuntun!" Ó wá kọ́ mi. Ó ní wọ́n máa ń da omi ẹfun sínú wágọ̀nù màlúù kí àrùn má bàa gbé ibẹ̀, omi ẹfun náà á sì máa gba àlàfo pákó ṣàn jáde, á gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà ìlà. Bí kò bá sí ìlà ẹfun, irọ́ ni wágọ̀nù náà. Fún wágọ̀nù ẹ̀pà, ó rán mi lọ bu erùpẹ̀ láàárín ojú irin, ó jọ̀ ọ́, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èèpo ẹ̀pà pupa wẹ́wẹ́, a lọ̀ ọ́ kúnná, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àpò ti máa ń ya. Ìpẹtà ara irin, ó ní kì í bẹ̀rẹ̀ láàárín páànù láé, ìdí ìṣó ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rí ọkọ̀ tó ti dógùn-ún, ìdí ìṣó ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Òfin kan ló wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: "A kì í ti orí kọ nọ́ḿbà. Inú ìwé la ti ń wò ó." Bí péńtà tilẹ̀ mọ̀ ọ́n bí orúkọ ìyá rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ṣí ìwé. Bàbá ní ìwé ìkọ̀wé kan tí èèpo rẹ̀ ti gbó, ibẹ̀ ló fi bírò búlúù kọ nọ́ḿbà àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí. Èmi ni mò ń kà á fún un, èmi ni mò ń kọ ọ́.

Ó tún sọ àṣà yáàdì wọn kan fún mi. Bí péńtà bá parí wágọ̀nù, fọ́mánù, ọ̀gá àwọn péńtà, á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rí àṣìṣe, kò ní sọ ọ́. Ó máa bẹ̀rẹ̀, ó máa fi ṣọ́ọ̀kì ya òrùka kan sí abẹ́ wágọ̀nù, á fa ìlà kan la òrùka náà láàárín, á bá tirẹ̀ lọ. Wágọ̀nù tí òrùka bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Péńtà fúnra rẹ̀ ni yóò wá àṣìṣe náà rí, yóò lọ bá fọ́mánù, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá ti sọ ọ́ tó sì tún un ṣe, á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nu òrùka náà. Kò ní sí ìbínú, kò sì ní sí ẹni tó máa sọ ọ́ mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò kàn máa sọ fún èèyàn?" mo bi í. Ìbéèrè tó gùn jù tí mo bi í rí nìyẹn.

"Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹ, èmi ni mo rí i," Bàbá ní. "Ìwọ ò tíì rí i."

Ìgbà òjò la dé orí ìkẹjọ. Wágọ̀nù ẹ̀pà kejì ni, òun ni Bàbá sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ohun gbogbo ti pé lára rẹ̀, ó ku nọ́ḿbà. Bàbá dìde lọ sẹ́yìnkùlé, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ìwé, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo na ọwọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì, ìgúnpá mi sì gbá agolo kẹrosíìnì. Ó dà sórí ìwé. Mo fa etí ìró mi, mo fi tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ni mi ò bá má ṣe. Nígbà tí mo gbé aṣọ kúrò, bírò búlúù ti bá aṣọ lọ. Nọ́ḿbà mẹ́rin ló yẹ kó wà lójú ìlà wágọ̀nù kẹjọ. Méjì àkọ́kọ́ ṣì hàn, èyí tó gbẹ̀yìn ṣì hàn: eéjì, oókan, àti ẹẹ́fà. Ìkẹta ti di omi búlúù.

Mo gbọ́ bàtà Bàbá tó ń wọ́ bọ̀.

Ẹ wò ó, gbólóhùn kan ni mo nílò. Kí n kàn ní, "Bàbá, kẹrosíìnì dà sí ìwé." Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ti ń sọ pé ọmọ tí ò dé kíláàsì kẹfà ni Bàbá ń kó ìwé fún. Mo rò pé á ní òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo rò pé á gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Kò síbòmíràn lábẹ́ ọ̀run tí wọ́n ti ń pè mí ní Péńtà. Mo bá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà funfun, mo kọ eéjì, mo kọ oókan, mo kọ ẹẹ́rin, mo kọ ẹẹ́fà. Ẹẹ́rin ni mo mú nítorí pé ìlà tààrà ni, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n lórí ìlà tààrà.

Bàbá jókòó. Ó mú ìwé náà, ó pa á dé, ó gbé ọwọ́ lé èèpo rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ, ó gbé wágọ̀nù lé itan, ó sì fi èékánná rẹ̀ tọ nọ́ḿbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe.

"Inú ìwé lo ti wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa."

Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́, á wò mí pẹ̀lú ojú tó ti ń funfun yẹn, á ní, "Péńtà, kò sí nǹkan?" Èmi á ní, "Kò sí nǹkan, sà." Mo rò pé ìkíni ni. Ó tó ogún ọjọ́ tó ń bi mí. Iṣẹ́ kankan ò sí láti ṣe mọ́, a kàn ń jókòó ni, àwọn wágọ̀nù mẹ́jọ tò sórí pákó níwájú wa, èmi ò sì lè wo ìkẹjọ lójú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ dé láti Ọ̀fà ní òpin ìgbà òjò láti wá mú un lọ sílé, nítorí pé kò ríran mọ́ tó ẹni tó lè dá gbé. Wọ́n di ẹrù lówùúrọ̀. Bàbá fi aṣọ wé wágọ̀nù méje, ó kó wọn sínú báàgì. Ó gbé ìkẹjọ lé mi lọ́wọ́.

"Èyí ò tíì parí," ó ní. "Ìwọ lo ni ín títí tó fi máa parí."

Mo rò pé erùpẹ̀ ló kù tàbí ìpẹtà. Ó dúró. Ó tún ní, "Péńtà, kò sí nǹkan?" "Kò sí nǹkan, sà," mo ní. Àǹtí Bọ́lá ló sunkún lọ́jọ́ yẹn, òun tó ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀ dé ojú títì, ó ń sọ pé, "Bàbá mi, ta ni mo tún máa bá jà báyìí?" Èmi ò sunkún. Mo padà sídìí ọpọ́n.

Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi tẹ ìyá mi láago pé Bàbá ti lọ sinmi. Mo fi ìró tí bírò búlúù wà létí rẹ̀ wé wágọ̀nù náà, mo gbé e sínú páálí, mo fi okùn dì í. Lẹ́yìn náà, wọ́n wó ilé náà, gbogbo wa túká. Ìyá mi gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ sí Mushin, èmi bọ́ sí Àgùdà.

Òun ni mo tú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Erùpẹ̀ ojú irin ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, èèpo ẹ̀pà ṣì lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹẹ́rin mi dúró gbọnin láàárín, ìlà rẹ̀ tọ́. Mo fẹ́ nu eruku ara àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bá yí i padà. Òrùka ṣọ́ọ̀kì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà kan la òrùka náà láàárín. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló fà á.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó mọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló mọ̀. Èèpo ìwé ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀, kẹrosíìnì ń rùn, nọ́ḿbà wágọ̀nù tó fẹ́ràn jù ni, èékánná rẹ̀ á sì ti sọ fún un pé kì í ṣe ẹẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ogún ìrọ̀lẹ́ ló fi ń dúró dè mí. Mo rò pé búrọ́ọ̀ṣì ló máa gbà lọ́wọ́ mi, kò sì gba nǹkan kan. Ó kàn ń ṣílẹ̀kùn fún mi lójoojúmọ́ ni, èmi ni mi ò wọlé.

Mo sọ ọ́ wàyí. Nínú yàrá mi, ní ọ̀sán, mo sọ ọ́ sókè: "Bàbá, kẹrosíìnì dà sí ìwé. Mi ò mọ nọ́ḿbà kẹta." Ohùn mi dún bí ohùn ọmọdé. Àwọn akunlé ń bá ara wọn ṣàwàdà níta, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Mo mú abẹ tí mo fi ń gé èékánná oníke, mo họ ẹẹ́rin náà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ọ̀dà pupa abẹ́ rẹ̀. Mi ò kọ nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Òrùka náà, mi ò nù ún. Ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún kò sí níbẹ̀, wágọ̀nù náà ò sì tíì parí.

Ohun púpọ̀ ló ti yí padà. Ojú irin tuntun ti gba ibi tí a ti ń bu erùpẹ̀, àwo kì í gbọ̀n mọ́ lórí àwo, ẹ̀pà ń gba orí títì wọ Èkó, kò sì sẹ́ni tó ń kọ nọ́ḿbà rẹ̀ síbì kankan tí mo mọ̀. Síbẹ̀, bí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ Bàbá ni mo fi ń gbé e. Àwọn obìnrin máa ń bi mí níbo ni mo ti kọ́ ìlà wẹ́wẹ́ yìí, mo sì máa ń dákẹ́.

Lánàá, obìnrin ọjọ́sí padà wá. Mo ti gbé wágọ̀nù náà sórí tábìlì, láàárín àwọn ìgò ọ̀dà èékánná mi. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Àǹtí, nọ́ḿbà èyí ò pé o. Ibì kan ṣófo."

"Mo mọ̀," mo ní. "Mi ò mọ èyí tó wà níbẹ̀ ni."

"Ẹ kàn kọ ọ̀kan síbẹ̀ jàre. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ́ àwọn ìka rẹ̀ sórí aṣọ. "A kì í ti orí kọ ọ́," mo ní.

Ó ní kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Ìpọ̀nrí, láti ẹ̀gbẹ́ kànga. Ọ̀dà èékánná rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.